Sísí Ìwé àti Páálí 45,996: Bí Ọmọ Stọ́ọ̀ Kan Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Ọ́fíìsì Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Stọ́ọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ wà ní Ògùnpa, n'Ìbàdàn. Mílíìkì alágolo, tòmátì alágolo, bísíkíìtì, ṣúgà àti ọṣẹ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, wọn kì í sì í tà á lẹ́yọ, páálí ni. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́níyà, Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn ló ń wá rà á, tí wọ́n á kó o sẹ́yìn bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan náà. Alhájà tó ni stọ́ọ̀ ti wà nídìí òwò yìí kí fóònù GSM tó dé Nàìjíríà ní 2001. Èmi ni mo ń bá wọn ṣe ìwé owó, àwọn náà ni wọ́n sì ní kí n dúró ti ọmọ kan tí wọ́n fẹ́ kó kọ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì.

Mi ò ní dárúkọ ọmọ náà. Sísí Ìwé ni àwọn aláàárù ń pè é, torí pé bíró kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ yẹn náà la ó máa lò. Ó ti yege WAEC, ó ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, owó fásitì ni kò sí. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kó máa ka páálí bó ṣe ń wọlé, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tí Bàbá stọ́ọ̀kíìpà ń tọ́jú. Alhájà fẹ́ kó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kó wá jókòó sórí àga: kó mọ kọ̀ǹpútà lò, kó lè fi Excel, ètò kọ̀ǹpútà tó ń to nọ́ńbà sínú àpótí àti òpó, tọ́jú ọjà, kó lè kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń kó ọjà wá láti Èkó, kó sì lè gbé fóònù bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Owó ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà? Alhájà ò fẹ́ gbọ́. "Orí fóònù ni kó ti kọ́ ọ," wọ́n ní. "Ṣebí ibẹ̀ náà ló ti ń wo fíìmù."

Kí n tètè sọ èrò tèmi. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì dára púpọ̀ fún ohun tó bá jẹ́ bákan náà káàkiri ayé. Ibi tí ìka yẹ kó wà lórí kíbọ́ọ̀dù, ohun tí SUM tó ń ro nọ́ńbà pọ̀ nínú Excel ń ṣe, bí wọ́n ṣe ń so fáìlì mọ́ ímeèlì, ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè kọ́ ẹni tó wà ní Ògùnpa ní gbogbo ìyẹn láìsí wàhálà. Àmọ́ níbi tí iṣẹ́ bá ti kan ìlú, tó kan àgbà, tó kan bí àwa níbí ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ti máa ń dákẹ́, kò sì ní sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé òun ti dákẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí rẹ̀ ló máa gbọ́ ọ.

Ìsàlẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń ṣe ni Sísí kọ́kọ́ ṣe: ibi tó ga jù ló gbà lọ. Láti 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT, lábẹ́ mínísítà Bosun Tijani, pé àwọn fẹ́ kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ìgbàlódé, kò sí ọ̀dọ́ àdúgbò tí kì í sọ̀rọ̀ data analysis, ìyẹn yíyẹ àkójọ nọ́ńbà wò láti rí ohun tó ń sọ. Sísí náà wá ẹ̀kọ́ data analysis kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó wo fídíò àkọ́kọ́, ó wo èkejì. Ní ẹ̀kẹta, wọ́n ní kó dáunlóòdù fáìlì kan kó sì ṣí i. Ó dáunlóòdù ẹ̀, àmọ́ kò mọ ibi tí fáìlì náà wọlé sí nínú fóònù rẹ̀. Ibẹ̀ ló dúró sí, ó sì fi í pamọ́ fún mi fún ìgbà díẹ̀ torí ìtìjú.

Kò sí ohun ìtìjú ńbẹ̀. Àwọn olùwádìí kan yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Harvard àti MIT ń ṣe wò, wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n rí jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 2019: nínú gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ láàárín 2017 sí 2018, àwọn tó parí ẹ̀kọ́ kò ju nǹkan bíi 3 nínú 100 lọ. Mo sọ ọ́ fún Alhájà. Wọ́n ní, "Ohun ọ̀fẹ́ ni kò jẹ́." Ó ṣeé ṣe. Ní ti Sísí o, ọ̀fẹ́ kọ́ ló dá a dúró. Ẹ̀kọ́ náà rò pé ó ti mọ nǹkan mẹ́wàá kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́ ọ.

A sọ̀ kalẹ̀. Orí GCFGlobal la lọ, ojúùlé ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ Goodwill kan ní North Carolina l'Amẹ́ríkà ti ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láti nǹkan bí ọdún 2000. Níbẹ̀, bí èèyàn ṣe ń di máòsì mú gan-an ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú Sísí ò dùn. "Bọ̀dá, ṣé bí wọ́n ṣe ń di máòsì mú náà lẹ ní kí n lọ kọ́?" Mo ní kó lọ kọ́ ọ. Kò pẹ́ tó fi parí ẹ̀, àmọ́ nínú ẹ̀kọ́ kékeré yẹn náà ló ti mọ̀ pé bọ́tìnnì ọ̀tún náà níṣẹ́, tó sì mọ ohun tí fódà jẹ́, àti ibi tí ohun tí wọ́n dáunlóòdù máa ń lọ.

Àǹfààní mìíràn tí mo rí nínú irú ẹ̀kọ́ yẹn ni pé ọ̀rọ̀ kíkọ pọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò. Fídíò ń jẹ dátà. Ní oṣù Kínní 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ fóònù, fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù lè fi tó 50% kún owó tí wọ́n ń gbà, ẹni tó sì ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà mọ̀ ọ́n lára. A bá Alhájà dúnàádúrà títí wọ́n fi gbà pé kí owó dátà wà lára owó ọkọ̀ tí wọ́n ń fún Sísí. Láti ìgbà yẹn, ó ń ka ẹ̀kọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, fídíò tó bá sì ṣe pàtàkì nìkan ló ń wò. Èdè àwọn Amẹ́ríkà yẹn yá jù létí rẹ̀, ló bá dín ìyára fídíò náà kù sí 0.75, tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn máa hàn nísàlẹ̀. Èmi ò kọ́ ọ nìyẹn o.

Excel orí fóònù kò jọ iṣẹ́ rárá. Èèyàn lè wò ó, kó mọ orúkọ gbogbo nǹkan tó wà ńbẹ̀, síbẹ̀ kó má lè ṣe é. Alhájà ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan tó ti Amẹ́ríkà wá. Bátìrì rẹ̀ ò lè dá dúró, bí iná bá lọ, ó parí nìyẹn. Orí ẹ̀ ni Sísí ti kọ́ títẹ̀, láti orí F àti J tó ní ìlà kékeré tó yọ síta tí ìka lè mọ̀ láìwò. Ẹ rántí pé láptọ́ọ̀pù náà ti Amẹ́ríkà wá, torí ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lórí ẹ̀.

12/5

Bàbá stọ́ọ̀kíìpà ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọjà sílẹ̀. Bí páálí méjìlá bá wà nílẹ̀, tí agolo márùn-ún sì ṣẹ́kù nínú páálí tí wọ́n ti tú, 12/5 ni Bàbá máa kọ. Gbogbo ẹni tó wà nínú stọ́ọ̀ ló mọ̀ ọ́n kà, kò sì sí ìgbà kankan tó dá ìjà sílẹ̀. Sísí wá ń da ìwé Bàbá kọ sínú Excel bó ṣe wà. Ó tẹ 12/5, ó tẹ Enter, àpótí náà sì di 5-Dec.

Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. 5-Dec. Ó wá rántí ẹ̀kọ́ kan tó kà, pé bí ohun tó wà nínú àpótí bá hàn lọ́nà tí kò yẹ, kí èèyàn lọ yí irú rẹ̀ padà sí nọ́ńbà. Ó yí i. 5-Dec bá di 45996.00.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wo nǹkan."

Bàbá ló kọ́kọ́ débẹ̀. Wọ́n tẹ orí ba, wọ́n ka nọ́ńbà náà sókè lọ́nà tiwọn: "Ẹgbàá mẹ́tàlélógún páálí ó dín mẹ́rin. Ẹ̀ẹ́n? Mílíìkì? Níbo la fẹ́ kó o sí?" Àwọn aláàárù rẹ́rìn-ín títí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Excel máa ń rò pé nọ́ńbà méjì tí irú ìlà yìí, /, bá wà láàárín wọn, déètì ni. Láptọ́ọ̀pù ará Amẹ́ríkà sì rò pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni oṣù. 12/5 di ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá 2025. Nínú lọ́hùn-ún, Excel kì í tọ́jú déètì bíi déètì. Ó ń ka ọjọ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kínní 1900, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá 2025 sì ni nọ́ńbà 45,996 nínú ìkà tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí Sísí kọ́ kò parọ́ fún un níbì kankan. Àwọn tó ṣe ẹ̀kọ́ náà ò mọ Bàbá ni, wọn ò sì lè mọ̀ wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ràn ni ọ̀nà tó gbà tún un ṣe. Mo lè sọ fún un ohun tó máa ṣe, àmọ́ mo bi í léèrè: nǹkan mélòó ni Bàbá ń sọ bí wọ́n bá kọ 12/5? Ó ní méjì: páálí àti ẹyọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Á jẹ́ pé òpó méjì ló yẹ kó ní." Ó ṣe òpó kan fún páálí, ọ̀kan fún ẹyọ, ó fi òpó kẹta kún un fún iye ẹyọ tó wà nínú odindi páálí, torí pé mílíìkì kan lè jẹ́ 48, kí òmíràn jẹ́ 24. Òpó kẹrin ń sọ iye ẹyọ gbogbo rẹ̀, tó jẹ́ páálí lọ́nà iye inú páálí, kó tó wá fi ẹyọ kún un. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan tó kọ́ ọ ní èyí. Iṣẹ́ Bàbá àti ọgbọ́n tó kọ́ lórí fóònù ló pàdé.

Ó tún kọ "12 páálí" sínú àwọn àpótí kan, ìyẹn náà mú kí SUM fò wọ́n, torí SUM kì í ka àpótí tí lẹ́tà bá wà nínú ẹ̀. Èyí wà nínú ẹ̀kọ́, ó kàn ti gbàgbé ni.

Déètì

Èyí tó tẹ̀ lé e ló lè kó wa sí wàhálà gidi. Gbogbo oúnjẹ inú agolo tàbí inú ọ̀rá ló gbọ́dọ̀ ní déètì lára ní orílẹ̀-èdè yìí, NAFDAC kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ọjà tí déètì rẹ̀ ti lọ ṣeré. Stọ́ọ̀ tó bá tà á fún onísọ́ọ̀bù Ìsẹ́yìn, orúkọ Alhájà ló máa bá a dé Ìsẹ́yìn.

Sísí fúnra rẹ̀ ló ronú pé kí Excel máa kìlọ̀ fún wa. Ó wá ẹ̀kọ́ kan kà nípa bí àpótí ṣe lè máa yí àwọ̀ padà: bí déètì bá ti lọ, kó pupa, bí ó bá ku oṣù kan, kó di yẹ́lò. Ó tẹ gbogbo déètì tó wà lára páálí sínú òpó kan. Orí mi wú. Ní ìparí oṣù Keje 2025, ó ṣí i fún Bàbá pé kí wọ́n wá wò ó.

Mílíìkì pupa. Kì í ṣe díẹ̀ o, odindi ẹ̀gbẹ́ kan nínú stọ́ọ̀ ló pupa. Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, wọ́n kọrí sí ìdí mílíìkì, wọ́n fa agolo kan yọ, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n sì padà wá. 05/11/2025 ló wà lára ẹ̀. "Oṣù Kọkànlá nìyí. Ta ló ní déètì rẹ̀ ti lọ?" Láptọ́ọ̀pù ti kà á sí ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún.

Ká ní pupa yẹn nìkan ni, ọ̀rọ̀ ìrẹ́rìn-ín ni ì bá jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wo àwọn tí kò yí àwọ̀ padà, ibẹ̀ ni ọkàn mi ti fò. Bísíkíìtì kan wà tí déètì rẹ̀ jẹ́ 10/08/2025. Excel ò kìlọ̀ rárá, ó kà á sí ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹwàá. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ ni. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó kù. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó tètè jáde, kí onísọ́ọ̀bù sì mọ̀ kó tó rà á.

Sísí ló rí ohun tó tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Ó ń wo òpó déètì náà láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá, kí ló dé tí àwọn kan fi wà lápá ọ̀tún àpótí, tí àwọn kan wà lápá òsì?" Ìbéèrè ńlá nìyẹn. Excel máa ń gbé nọ́ńbà àti déètì sápá ọ̀tún, á gbé ọ̀rọ̀ sápá òsì. 13/04/2026 wà lápá òsì nítorí pé kò sí oṣù kẹtàlá. Láptọ́ọ̀pù ò mọ ohun tó máa fi í ṣe, ló bá kà á sí ọ̀rọ̀ lásán. Èyí tó wà lápá òsì kò lè yí àwọ̀ padà láéláé. Èyí tó wà lápá ọ̀tún, tí ọjọ́ rẹ̀ kò ju méjìlá lọ, ti fi oṣù àti ọjọ́ ṣe pààrọ̀ fún ara wọn láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

A lọ yí ìlú láptọ́ọ̀pù padà láti Amẹ́ríkà sí Nàìjíríà. Ẹni tó bá wà nírú ipò yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìyẹn nìkan kò tó. Déètì tó ti ṣì kà tẹ́lẹ̀, bó ṣe ṣì í kà náà ló máa wà. Yíyí ìlú padà kò wo àrùn àná. Sísí ní láti tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀, láti ara páálí, kì í ṣe láti inú Excel. Láti ọjọ́ yẹn, lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ oṣù nínú stọ́ọ̀ yẹn, 5-Nov-2025, kí ará Amẹ́ríkà àti ará Ìbàdàn má bàa lè kà á sí nǹkan méjì.

Mo padà lọ wo ẹ̀kọ́ tó kà nípa àwọ̀ yẹn. Olùkọ́ inú rẹ̀ fi oṣù síwájú nínú gbogbo àpẹẹrẹ rẹ̀, kò sì sọ ìdí. Kí ló fẹ́ sọ? Lójú tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni déètì ṣe ń rí.

Lẹ́tà sí Èkó

Àwọn tó ń kó tòmátì wá láti Èkó kó 194 páálí wá, nígbà tí wébíìlì, ìwé tó bá ọjà wá, sọ pé 200 ni. Ó yẹ ká kọ̀wé. Alhájà ní kí Sísí kọ ọ́.

Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan nípa bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ibi iṣẹ́. Wọ́n ní kó má fi àkókò ẹni tó fẹ́ kà á ṣòfò: kó sọ ohun tó fẹ́ ní gbólóhùn àkọ́kọ́, kó dá ọjọ́ tó fẹ́ ẹ, kó má tọrọ àforíjì fún ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bó ṣe kọ ọ́ gan-an nìyẹn, ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́nránmọ́nrán. Bí a bá tú u sí èdè wa, ó ní: wébíìlì sọ pé 200, 194 ló dé, ẹ fi 6 tó kù ránṣẹ́ kó tó di Friday. Ó buwọ́ lù ú.

Ọ̀gá tó gbà á l'Ékòó ti ń bá Alhájà ṣòwò láti ọdún pípẹ́. Kò dá Sísí lóhùn. Alhájà ló pè. "Alhájà, ṣé ẹ ń bínú sí wa ni? Kí la ṣe?" Alhájà bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n pe Sísí wá. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí bàbá ọlọ́mọ nìyẹn? Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo o." Sísí kúnlẹ̀, kò wí nǹkan kan.

Ìgbà tó tún fẹ́ kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ó sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó kí ọ̀gá náà, ó kí ìdílé wọn, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó kí wọn kú oòrùn, ó gbàdúrà fún ọ̀sẹ̀ náà. Ìlà tó gbẹ̀yìn ni ohun tó fẹ́ sọ wà. Kò sí èsì. Orí fóònù ni ọ̀gá náà ti ń ka ímeèlì. Ìlà méjì àkọ́kọ́ ló hàn sí wọn, wọ́n sì rò pé ọmọ kan kàn ń kí àwọn ni.

Mo rò pé ibí yìí ni iṣẹ́ ọ́fíìsì ti le jù fún ọmọ Yorùbá, kì í ṣe Excel. A tọ́ ọ dàgbà pé kó má sọ fún àgbà pé wọ́n ti gbàgbé nǹkan. Ẹ̀kọ́ orí fóònù sì ń sọ fún un pé bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò rí èsì, kó kọ̀wé ìránnilétí. Àwọn méjèèjì tọ̀nà níbi tí wọ́n ti wá. A padà sí ọ̀rọ̀ páálí mẹ́fà, a tún lẹ́tà náà kọ. Ohun tí a ṣe kò pọ̀. Orí lẹ́tà, níbi tí wọ́n ti ń kọ àkòrí, ni a fi nọ́ńbà wébíìlì àti páálí mẹ́fà sí. Ibẹ̀ kò ní ohùn, kò lè bú ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan fún ìkíni, pẹ̀lú sà. Lẹ́yìn náà: déètì, iye tó wà lórí ìwé, iye tó dé, orúkọ ẹni tó kà á níwájú awakọ̀. Níkẹyìn, a ní kí wọ́n bá wa wò ó. A ò dá ọjọ́ fún wọn. Kó tó tẹ̀ ẹ́ lọ, kó pè wọ́n: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín lórí wébíìlì tòmátì yẹn." Bí ọjọ́ bá sì ti kọjá, kó tún pè: "Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ yín, sà. Mo ní kí n kàn rán yín létí." Ẹnu rẹ̀ gbọ̀n nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n yọ owó páálí mẹ́fà náà kúrò nínú gbèsè wa.

Sátífíkéètì, àti bí ọjọ́ ṣe ń lọ

Sísí fẹ́ sátífíkéètì. Alhájà ní kí ni àwọn fẹ́ fi í ṣe, ṣebí ojú àwọn ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn Sísí ni mo wà lórí èyí. Alhájà mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá fẹ́ gbà á síṣẹ́ lọ́la lè má mọ̀ ọ́n. Owó rẹ̀ ló ní láti fi ojú sí: Alison, ojúùlé ẹ̀kọ́ kan tó ti wà láti 2007, tí ilé rẹ̀ wà ní Ireland, jẹ́ kí èèyàn kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sátífíkéètì máa sanwó. Coursera, ojúùlé ẹ̀kọ́ mìíràn, ní ààyè láti béèrè ìrànwọ́ owó. Jobberman, iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn wá iṣẹ́, pẹ̀lú Mastercard Foundation ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nípa ìwà ibi iṣẹ́, ìyẹn ló kọ́kọ́ gbà.

Ètò ọjọ́ wa kò ní àràmàǹdà. Kí èrò tó kún stọ́ọ̀ láàárọ̀ ló ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹyọ kan ni, kì í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó bá kọ́, ó gbọ́dọ̀ lò ó lórí ìwé stọ́ọ̀ gidi kí ọjọ́ náà tó tán. Bí kò bá sí ohun tó lè lò ó fún, á jẹ́ pé ẹ̀kọ́ yẹn kò tíì kàn án, kó fi í sílẹ̀. Ìdánwò rẹ̀, ọwọ́ Bàbá ló wà: Bàbá á lọ ka páálí ní ìdí ọjà kan tí wọ́n bá yàn, láìsọ fún un tẹ́lẹ̀, wọ́n á wá béèrè pé mélòó ni kọ̀ǹpútà wí. Kò sí ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó le tó ìyẹn.

Nísinsìnyí, òun ló ń tọ́jú ọjà lórí Excel, fáìlì náà sì wà lórí Google Drive, ibi ìtọ́jú fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí bátìrì láptọ́ọ̀pù. Ó ti ń kọ̀wé sí Èkó láìjẹ́ pé mo kà á kó tó lọ. Kò tíì mọ VLOOKUP, tó ń bá èèyàn wá nǹkan jáde láti òpó mìíràn nínú Excel, lò dáadáa, bí oníbàárà bá sì ń pariwo lórí fóònù, Bàbá ló ṣì ń gbé e fún. Ó ti kọ ìwé pélébé kan sára ògiri fún ẹni tó bá tún dé: fi lẹ́tà kọ oṣù, páálí ní òpó tirẹ̀, ẹyọ ní òpó tirẹ̀, wo apá òsì àpótí.

Ìwé ńlá Bàbá ṣì ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Excel. Alhájà ní wọn ò ní dá a dúró àfi bí méjèèjì bá bára mu lóṣooṣù, láìyẹ̀ rárá, fún ìgbà tó tẹ́ àwọn lọ́rùn. Oṣù tó kọjá, páálí ọṣẹ kan ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Bàbá ní ìwé àwọn ló tọ̀nà, Sísí ní Excel ni, a ò sì tíì rí páálí náà.